Ìgò Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Yàn

Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìṣáná jáde níwájú mi láti fi dán oyin wò, ẹ̀jẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Wọ́n á ti orí igi ìṣáná bọ inú oyin, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á ṣá a. Bó bá tàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi. Bí kò bá tàn, wọ́n á wò mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko. Ẹlòmíràn á da tirẹ̀ sínú omi, ẹlòmíràn á kán an sílẹ̀, á wá máa ṣọ́ bóyá èèrà á bò ó. Bàbá mi, tó ti ń bá kòkòrò oyin ṣe kí wọ́n tó bí mi, kò dán ọ̀kankan nínú gbogbo ìyẹn wò rí. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn kò jẹ̀bi. Ayédèrú ti pọ̀ jù nígboro. Síbẹ̀, inú ń bí mi, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ìsúndúnrìn ni oko bàbá mi wà. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló ń gbìn, ó sì ní igi kaṣú tó pọ̀ díẹ̀. Abẹ́ àwọn igi kaṣú yẹn ló to àpótí oyin sí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, á fi èéfín lé àwọn kòkòrò náà sẹ́yìn, á gé afárá, á kó o sínú korobá, á sì dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà ránṣẹ́ sí mi ní Èjìgbò. Aránṣọ ni mí. Inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ náà ni mo ti ń bá a tà á, lórí pákó kan tí mo kàn mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ìyá mi ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀; nígbà tó kú, ó di tèmi.

Ìgò ọtí la ń lò nígbà yẹn. Obìnrin kan tó ń ta ọtí lẹ́yìn gáréèjì ló ń bá mi tọ́jú àwọn òfìfo. Màá fi yanrìn àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n, màá fi omi gbígbóná ṣan wọ́n, màá sá wọn sóòrùn. Ṣùgbọ́n ọtí kì í fi ìgò sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọrùn ìgò náà tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Bí ọyẹ́ bá dé, oyin á dì gbagidi nínú rẹ̀, kò ní jáde mọ́. Àwọn èèyàn á máa fi igi ìgbálẹ̀ yọ ọ́. Àwọn mìíràn á gbé ìgò ka iná, ìgò á là, oyin á ṣòfò, èmi náà ni wọ́n sì máa wá bú. Wọ́n ní oyin tó bá ti dì, ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Irọ́ ni. Oyin gidi máa ń dì. Mo sọ ọ́ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wà tó ní kẹ́mísìtì ní òdìkejì títì, tó máa ń gba oyin lọ́wọ́ mi láti fi síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ìgò kan wá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ gbóòórùn èyí."

Mo gbóòórùn rẹ̀.

"Ọtí ni, àbí?" ó ní. "Ìyá kan rà á nítorí ikọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó dá a padà láàárọ̀ yìí. Ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ ọmọ náà ní ọtí mímu ni. Àǹtí, oyin Bàbá dára, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ìgò yín ló ń dójú tì wá."

Inú bí mi. Kì í ṣe òun ni mo bínú sí, òótọ́ ló sọ. Ara mi ni mo bínú sí. Bàbá mi, ní ọjọ́ orí rẹ̀, ń wọ inú oko lọ bá kòkòrò tó lè pa èèyàn. Ojú rẹ̀ á wú, ọwọ́ rẹ̀ á wú. Èmi wá ń da gbogbo làálàá náà sínú ìgò tí ọ̀mùtí sọ nù. Mo sọ fún un lọ́jọ́ tó wá sí ìgboro pé mo fẹ́ wá ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀, ìgò tuntun.

Ó rẹ́rìn-ín. "Oyin là ń tà ni àbí ìgò?"

"Bàbá, ẹni tó fẹ́ ra oyin kò tíì rí oyin. Ìgò ló ń rí."

Ó mi orí, ó ní kí n ṣe é bí mo bá ṣe rò pé ó dáa.

Mo wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ìgò ní Ìbàdàn. Ọkùnrin kan ló ní ṣọ́ọ̀bù náà, ó jókòó láàárín ìgò bí adìyẹ tó sàba. Mi ò mọ̀ pé oríṣiríṣi ìgò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ó kọ́kọ́ gbé ọ̀kan tó ní ìhà mẹ́fà fún mi. Ó rẹwà, ó ń tàn yanran lójú oòrùn, ó ní òun làwọn olówó ń lò. Mo fi ìka wọ inú rẹ̀, mo rí i pé oyin máa há sí igun rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ṣíbí kò sì ní í débẹ̀. Ta ló máa fi owó ra oyin tí kò ní lè jẹ tán? Mo dá a padà. Ó gbé èyí tó ga, tí ọrùn rẹ̀ tún rí bíi ti ìgò ọtí. Mo ní rárá. Ó mú mi lọ síbi àlòkù tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, ó ní ìyẹn dínwó. Mo ṣí ọmọrí ọ̀kan, òórùn ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú rọ́bà ọmọrí náà. Mo dé e padà kíákíá. Mo ti jẹ ìyà òórùn tó.

Lẹ́yìn náà ni mo rí èyí tí mo fẹ́. Roboto ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́. Ìdí rẹ̀ nípọn. Ọmọrí rẹ̀ jẹ́ páànù tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà, rọ́bà funfun sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò. Mo fi ìka yí ẹnu rẹ̀ ká, mò ń wá ibi tó bá là. Mo fi èékánná kàn án, mo gbọ́ bó ṣe dún. Mo ra omi inú ọ̀rá kan, mo rọ ọ́ sínú rẹ̀, mo dé e, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì dúró. Omi kò kán.

Ó ti sú ọkùnrin náà. "Màmá, ìgò lẹ fẹ́ rà ni àbí ọkọ lẹ fẹ́ fẹ́?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo dá a lóhùn pé ká ní mo yẹ ọkọ wò tó báyìí nígbà tó yẹ ni, mi ò ní máa dá gbé páálí kiri. Ẹ̀rín tún sọ. Mo sanwó páálí mẹ́fà, wọ́n dì í fún mi, mo gbé e wálé.

Nígbà tí mo tú u ní Èjìgbò, ìpele òkè nínú páálí kọ̀ọ̀kan dára. Gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ kò dára. Ẹnu àwọn kan wọ́. Àwọn kan ní ohun tó dà bíi yanrìn nínú dígí wọn. Ọmọrí ń yí gbirigbiri lórí wọn láì mú. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, mo sì sunkún ìbínú. Ọkùnrin yẹn ti rí bí mo ṣe yẹ ìgò kan ṣoṣo wò bí ẹyin, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì lọ di ìdọ̀tí fún mi lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún gbé gbogbo rẹ̀ padà sí Ìbàdàn. Ó wò mí lójú kòrókòró.

"Màmá, mi ò mọ̀ yín rí."

"O ò mọ̀ mí? Èmi tí o ń wá ọkọ fún lánàá?"

Ó ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Mo ní kò burú. Mo fa àpótí kan, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo ra omi inú ọ̀rá, mo ń rọ ọ́ sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, mo ń dé e, mo ń dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí oníbàárà bá ti ń bọ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ wá wo bí ìgò ibí ṣe ń sunkún." Omi ń ṣàn wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bú mi, mi ò gbọ́. Ó pariwo, mo rọ òmíràn. Nígbà tó ṣe, ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, pààrọ̀ ọjà obìnrin yìí fún un, ká lè rí ojú tajà lónìí."

Ó pààrọ̀ rẹ̀. Mo tú gbogbo páálí tuntun náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo yẹ ìgò wọn wò níkọ̀ọ̀kan, látòkè délẹ̀. Kò bi mí léèrè ọkọ mọ́.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi oyin sínú ìgò náà, bàbá mi wà níbẹ̀. A fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo dé e, mo gbé e fún un. Ó mú un jáde sí ìta, ó gbé e sókè sí oòrùn. Oyin náà pọ́n fòò bí ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́.

"Ṣé bó ṣe rí nìyí látọjọ́ yìí?" ó ní.

Mo wá rántí pé inú korobá àti ìgò dúdú nìkan ló ti ń rí i ní gbogbo ayé rẹ̀. Mo ní, "Bó ṣe rí ni, Bàbá." Mo lẹ bébà pélébé kan mọ́ ara ìgò kọ̀ọ̀kan: orúkọ bàbá mi, orúkọ Ìsúndúnrìn, àti nọ́ńbà fóònù mi.

Oyin náà tà. Ọ̀dọ́bìnrin oníkẹ́mísìtì náà gbé e sí iwájú, níbi tí oòrùn ti ń bà á. Àwọn ará ilé wa tó bá wálé láti Àbíjàn ń rà á láti gbé padà. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́hùn-ún, yí ìgò náà po lọ́wọ́, ó fi èdè Faransé sọ pé ó rẹwà, "Sẹ jólì, àbúrò, sẹ jólì!" Mo ń yangàn. Fún gbogbo ẹni tó bá rà á, màá ní, "Ẹ má sọ ìgò yìí nù o. Ẹ lè fi kó ẹ̀pà, ẹ lè fi kó ata. Kò ní bàjẹ́ láéláé." Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ìjókòó kan náà là ń jókòó sí, ìwé orin kan náà là ń dì mú. Opó ni, kò sì rọrùn fún un. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ata gbígbẹ lílọ̀, kí n bá òun tọ́jú ìgò òfìfo bí àwọn oníbàárà mi bá dá a padà. Inú mi dùn sí i. Mo kó mẹ́jọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì júwe ilé àwọn tí mo mọ̀ pé òfìfo wà lọ́wọ́ wọn.

Ó di ọjọ́ kan, ní ọdún kejì tí a ti ń lo ìgò náà. Mò ń gé aṣọ, oníbàárà mẹ́ta jókòó tì mí, nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì wọlé. Ará ìlú Ọlá ni, èmi ni mo ń rán aṣọ ìyàwó rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìgò kan kalẹ̀ gbàgà lórí aṣọ tí mò ń gé.

"Ṣé tìrẹ nìyí àbí tìrẹ kọ́?"

"Tèmi ni, sà."

"Tọ́ ọ wò."

Mo fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò. Adùn lásán ni. Kò ní òórùn òdòdó, kò ta mí lọ́fun. Ṣúgà tí wọ́n sè títí tó fi pọ́n ni, wọ́n sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

"Sà, èyí kọ́ ni oyin bàbá mi."

"Orúkọ bàbá rẹ kọ́ ló wà lára rẹ̀? Nọ́ńbà rẹ kọ́ nìyí?" "Egbò wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó mi. Wọ́n ní ká máa fi ojúlówó oyin pa á. Èmi ni mo sọ pé mo mọ ibi tó wà, mo ní àwọn yẹn kì í fi nǹkan là á. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi pa á. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó jí, èèrà ti ya bo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Egbò náà ti fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ojoojúmọ́ là ń gbé e lọ sí ọsibítù báyìí."

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà tó jókòó rọra ṣẹ́ aṣọ rẹ̀ po, ó tì í bọ inú báàgì, ó sì jáde. Kò ní ó dàbọ̀.

Mo gbé ìgò náà sókè. Ìgò mi ni, mi ò lè ṣì í mọ̀. Ṣùgbọ́n etí bébà ara rẹ̀ ti ń ṣí, epo ti kan igun rẹ̀ kan. Ìgò àlòkù.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rà á?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Obìnrin tó tà á fún mi ní ìwọ lo rán òun."

Mo bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn mi, mo ní kó mú mi débẹ̀. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi. Nígbà tí a débẹ̀, ó nawọ́ sí àtẹ kan. Kí n tó wo ojú obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ni mo ti dá gèlè rẹ̀ mọ̀. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo rán etí rẹ̀. Òun ni. Ìgò méje ló tò síwájú, gbogbo ọmọrí wọn ń tàn, orúkọ bàbá mi sì wà lára wọn ní méjèèje.

"Ata tí o ní o fẹ́ tà nìyí?" mo ní.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. Nígbà tó rí ọ̀gá lẹ́yìn mi, ẹ̀rín náà kú.

"Sístà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lábẹ́lé."

"Sọ ọ́ níbí. Kí ló wà nínú ìgò yìí?"

Nígbà tó rí i pé èèyàn ti ń pé jọ, ó yí ohùn padà. "Ṣé ẹ̀yin nìkan ni Ọlọ́run dá oyin fún? Ìgò tí ẹ fún mi ni, mo ra ìyókù. Ṣé mo jí i ni?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́. Mo ṣí ìgò àkọ́kọ́, mo da á sínú gọ́tà. Mo ṣí ìkejì, mo da á nù. Ó di ọwọ́ mi mú, mo gbọn ọ́n dànù. Ó ń sunkún, ó ń pè mí ní ìkà, mò ń dà á lọ. Ó ń ṣàn bí omi tíì. Mo da méjèèje nù pátápátá, mo sì fi èékánná bó orúkọ bàbá mi kúrò lára òfìfo wọn níkọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lábẹ́ èékánná mi. Àwọn èèyàn ń kígbe lé mi lórí pé ó tó, pé opó ni, pé kí n rántí Ọlọ́run. Kò sí ẹnì kan tó bi í léèrè ohun tó ti ń tà fún wọn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbà ìjọ pè wá sí yàrá ẹ̀yìn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá a wí ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní iṣẹ́ èṣù ni.

"Èṣù kọ́ ló se ṣúgà," mo ní.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà gbé ọwọ́ sókè sí mi. Ó ní a gbọ́ pé mo da ọjà ẹlẹ́gbẹ́ mi nù ní gbangba, mo sì dójú ti ìjọ lójú àwọn ará ìta. Ó ní arábìnrin yìí ti jẹ́wọ́, kí èmi náà tọrọ àforíjì, kí a gbàdúrà, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Mo rò pé etí mi ló ṣì í gbọ́. "Kí n tọrọ àforíjì, sà?"

"Ìrẹ̀lẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ ìyàwó ọ̀gá ń kọ́?"

Wọ́n wo ara wọn. Ó ní, "Àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Ìyẹn kọjá agbára wa."

"Kí ló wá wà ní agbára yín, ẹ̀yin bàbá? Kí ẹ bá mi gbàdúrà lé ohun tí mi ò ṣe lórí?"

Mo dìde. Mi ò tọrọ àforíjì, mi ò sì tíì tọrọ rẹ̀ títí di òní. Mo mọ̀ pé wọ́n sọ pé mo le. Mo le. Mo ti ń rìn lọ sílé nígbà tí ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn, ìyẹn sì ni mi ò lè sọ fún wọn nínú yàrá yẹn. Èmi ni mo kó ìgò fún un. Èmi ni mo júwe ilé ibi tó ti lè rí sí i. Mo yẹ ìgò wò, mo yẹ ọmọrí wò, mo fi omi dán an wò kó má baà jò. Mi ò ronú kan ìgbà tí ìgò náà bá ṣófo rí. Mo wá ìgò tó dára débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ nù, mo sì fi orúkọ bàbá mi sílẹ̀ lára rẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e.

Bàbá mi gbọ́ ní Ìsúndúnrìn kí n tó lè lọ sọ fún un. Ó gbé ọ̀kadà wá. Mo ti múra sílẹ̀ pé á bínú pẹ̀lú mi, mo nílò ẹni tó máa bá mi bínú. Kò bínú. Ó ní kí n mú òun lọ sí Ọlá.

Ìyàwó ọ̀gá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, báńdéèjì wé e láti ọrùn ẹsẹ̀ dé agbede ojúgun. Bàbá mi wò ó. Ó ṣí fìlà. Bàbá mi, tó dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ, tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ forí jì mí."

Ọ̀gá sáré gbé e dìde. "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! A ti gbọ́ pé ẹ̀yin kọ́. Èmi gan-an ti jẹ̀bi, mo pariwo lé ọmọ yín lórí." Ìyàwó rẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo mú un mọ́ra títí a fi jáde. Lójú ọ̀nà, mo bú gbàù.

"Bàbá, kí lẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹni tó ṣe é ń kọrin nínú ìjọ, ẹ̀yin wá ń fọwọ́ kanlẹ̀!"

"Orúkọ ta ni wọ́n rí kí wọ́n tó rà á?"

"Tiyín ni, ṣùgbọ́n..."

"Ó tán."

Mo bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí ìwà rere bá ń dọ̀bálẹ̀ fún ohun tí ìwà búburú ṣe, nígbà wo ni ìwà búburú máa dọ̀bálẹ̀? Mo bi í, ó ń ṣán koríko ìdí àpótí oyin rẹ̀ lọ.

Ọjà wó lulẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọ̀dọ́bìnrin oníkẹ́mísìtì gbé ti iwájú wọ ẹ̀yìn, ó ní kí n má bínú, àwọn èèyàn ń béèrè ọ̀rọ̀. Mo tún lọ sí Ìbàdàn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọkùnrin àkọ́kọ́. Ìgò roboto náà ni mo tún yàn, mi ò jẹ́ kí olè lé mi kúrò lórí ohun tó dára. Ṣùgbọ́n mo wá ọmọrí tó ní òrùka tó máa ń já bí wọ́n bá ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní padà mọ́. Mo bá ọmọ ìtẹ̀wé kan ṣe bébà tó máa ya wẹ́wẹ́ bí èèyàn bá fẹ́ bó o. Ẹni tó bá dá òfìfo padà, mo ń dín díẹ̀ fún un nínú èyí tó máa rà. Mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá rà á pé bí wọn ò bá ní dá a padà, kí wọ́n bó orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Kí wọ́n máa wò mí.

Obìnrin náà ṣì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ń ta bisikíìtì báyìí. Èmi ni mo kúrò ní ìjókòó tiwa, mo lọ jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ìyá àgbà tí kì í kọrin sókè. Bó bá kí mi, mo ń dá a lóhùn. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo ní fún un.

Ẹsẹ̀ ìyàwó ọ̀gá gba oṣù mẹ́jọ kó tó san. Lẹ́yìn náà, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi fúnra rẹ̀, ó gbé aṣọ tó fẹ́ rán wá. Mo wọ̀n ọ́n, èjìká, àyà, ìbàdí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti wọn gígùn rẹ̀, mo rí àpá náà, ó ń dán, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Mi ò bínú sí yín," ó ní láti òkè orí mi.

"Mo mọ̀, mà."

"Ọ̀gá ní kí n ra oyin bí mo bá ń bọ̀. Ó ní ó yẹ ká rà á." "Mi ò lè rà á. Òórùn rẹ̀ lásán, ẹsẹ̀ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi."

Mo ní kò sí wàhálà. Mo kọ iye gígùn náà sínú ìwé, mo bi í bóyá ó fẹ́ kó balẹ̀ àbí kó dé ojúgun. Ó ní kó balẹ̀.